Ará Òṣùpá Inú Yàrá Alhájì Kàdírì

"Ẹ tì í mọ́lé! Ẹ tì í mọ́lé kí n tó fi ọwọ́ ara mi ṣe é léṣe!"

Bí Alhájì Kàdírì ṣe wọ àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Ìsẹ́yìn lọ́sàn-án Ọjọ́rú nìyẹn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọmọbìnrin kan tó ń sunkún, ó fi ọwọ́ òsì gbé ohun kan tí wọ́n fi aṣọ ẹtù wé mọ́ra bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n fi báńdéèjì bo ojú Alhájì kan. Ìbínú ti sọ ojú kejì di pupa.

Èmi Ọláyanjú, kọ́ńsítébù tí kì í fi nǹkan falẹ̀, ni mo wà nídìí káńtà. Kíá ni mo ti fa bírò yọ. Mo ti kọ ọjọ́, mo ti kọ aago, mo ti fẹ́ kọ orúkọ ọ̀daràn, ìgbà náà ni mo tó rántí pé n kò tíì béèrè ohun tí ọmọ náà ṣe.

"Ó ba Ará Òṣùpá mi jẹ́," ni Alhájì wí, ó sì tú aṣọ náà níwájú mi.

Ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ọkùnrin kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ó wọ aṣọ wúwo tí àwọn tó ń lọ sínú òṣùpá máa ń wọ̀, ó sì dé akoto ńlá. Ó yẹ kó funfun, ṣùgbọ́n láti akoto dé bàtà ni ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Mo na ọwọ́ sí i.

"Má fọwọ́ kàn án! Òógùn ọwọ́ máa ń bà á jẹ́!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọ̀gá Fàòsíyà tó jáde láti yàrá ẹ̀yìn lákòókò náà, n bá dáràn. Òun ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo tí àgọ́ wa ní. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn sì ti rán ọ̀pọ̀ olè lẹ́wọ̀n. Ó kúnlẹ̀ kí Alhájì, ó gbé àga fún un, ó sì kọjú sí ọmọbìnrin náà.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Àwáwù ni, mà. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Bàbá ni mí, nídìí òfì. Mo fi Ọlọ́run búra, mà, n kò ṣe nǹkan kan."

"Irọ́ ni!" Alhájì tún ti dìde. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi wà ní Ṣakí, tí dókítà ń tọ́jú ojú mi. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo fi kọ́kọ́rọ́ yàrá sí. Mo ní kò gbọdọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn níbẹ̀. Ó lọ ń ṣí fèrèsé! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kó gba fúrídọ̀mù. Mo ti sọ fún gbogbo ilé òfì pé kò sí mọ́. Kó padà sọ́dọ̀ Ràmọ́nì bàbá rẹ̀ ní Tẹ̀dé, kó lọ sọ fún un pé ọdún mẹ́rin ti lọ lásán."

Nígbà tí Àwáwù gbọ́ ọ̀rọ̀ Tẹ̀dé, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kúrò lójú mi. Ọdún mẹ́rin nídìí òfì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn wọn, ó mọ́ tónítóní, báàgì dúdú kan wà ní èjìká rẹ̀. Yọ̀mí lorúkọ rẹ̀. Láti Ìbàdàn ló ti wá, òun náà sì ń kó irú ohun ìṣeré àtijọ́ bẹ́ẹ̀ jọ. Òun ló la ọ̀rọ̀ náà yé wa, ó sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

"Ọ̀gá mi, ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá rọ́bà funfun. Tí oòrùn bá ń bà á lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ lá máa pọ́n, kò sì sí ọṣẹ tó máa bọ́ ọ. Mo ti kọ́ Bàbá ní gbogbo ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wá. Mo ní kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn dí fèrèsé, kí wọ́n má gbé gílóòbù sún mọ́ wọn, kí wọ́n má kó wọn sábẹ́ páànù tó ń gbóná. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, Ará Òṣùpá yìí ṣì funfun bí òwú. Ó dùn mí ju Bàbá alára lọ."

"Ó ti bẹ̀ mí títí kí n ta á fún òun," ni Alhájì wí, "mo ní rárá. Mọ́nsúrù àkọ́bí mi ni mo rà á fún ní Kútọnu nígbà tí mo ń kó aṣọ lọ tà. Ọmọ náà kò pé ọdún mọ́kànlá tó fi kú. Látìgbà náà ni mo ti ń kó irú wọn jọ."

Ọ̀gá Fàòsíyà tún gèlè rẹ̀ so dáadáa.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ wo yàrá náà."

Ilé òfì Alhájì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gbígbé rẹ̀. Bí a ṣe ń kọjá, àwọn ahunṣọ ń wo Àwáwù láti orí òfì wọn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ síra wọn. Ọmọ náà bo ojú mọ́lẹ̀.

Yàrá náà ṣókùnkùn. Alhájì tan iná tọ́ọ̀ṣì. Pẹpẹ onígi kan wà lára ògiri, ohun ìṣeré tó ju ọgbọ̀n lọ tò sórí rẹ̀: ẹṣin funfun kan, bèbí aláṣọ pupa, agbábọ́ọ̀lù, mọ́tò kéékèèké, àti ọlọ́pàá kan tí ikùn rẹ̀ kéré gan-an sí tèmi. Gbogbo wọn kọjú sí wa. Alhájì gbé Ará Òṣùpá padà sáàrin wọn. Ní ògiri òdìkejì ni fèrèsé gíláàsì wà, aṣọ ẹtù onípele méjì ló bò ó.

Ọ̀gá mi lọ tààrà síbi fèrèsé. Ó ká aṣọ díẹ̀, ó wo irin tí wọ́n fi ń tì í.

"Ọláyanjú, wá wò ó. Eruku ọyẹ́ ṣì wà lórí irin yìí, ilé aláǹtakùn sì wà nígun. Kò sẹ́ni tó ṣí fèrèsé yìí láti bí oṣù mélòó kan."

Àwáwù mí kanlẹ̀. Inú mi dùn fún un. Àmọ́ Yọ̀mí mi orí.

"Ọ̀gá mi, gíláàsì ni. Kò dìgbà tó bá ṣí i. Tó bá ti ká aṣọ sókè láti fi ríran ká òwú, ó ti parí. Ẹ wo bí pẹpẹ ṣe dojú kọ fèrèsé. Ojú Ará Òṣùpá gan-an ni oòrùn máa bọ́ sí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Inú Àwáwù tún bàjẹ́, tèmi náà sì bàjẹ́ tẹ̀lé e.

"Ta ló tún wọ yàrá yìí?" ni Ọ̀gá Fàòsíyà béèrè.

"Ìyá Ramlah wọ̀ ọ́, mà," ni Àwáwù dáhùn. "Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan."

Ìyàwó ọmọ Alhájì ni Ìyá Ramlah, Fadékẹ́ lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ń gún iyán lọ́wọ́ nígbà tí a pè é. Ó gbé ọmọ odó dání wọlé tọ̀ wá, mo sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo wọ̀ ọ́. Ikán ló ń gun pẹpẹ. Ṣé kí ikán jẹ ẹ́ ni? Mo kó wọn síta, mo da oògùn sí i, mo gbálẹ̀."

"Síta!" ni mo pariwo. "Sínú oòrùn!"

"Abẹ́ igi máńgòrò ni, bùrọ̀dá. Kò tó wákàtí kan. Ẹ má pariwo mọ́ mi."

"Ìyá Ramlah, ẹ ò fẹ́ràn àwọn nǹkan yìí, àbí?" ni mo tún béèrè.

"Kí ni kí n fẹ́ràn níbẹ̀? Yàrá tó yẹ kí n kó èlùbọ́ sí, agbábọ́ọ̀lù ló ń gbé e!"

Mo ti mọ ọ̀daràn. Ó kórìíra wọn, ó kó wọn sínú oòrùn, ó sì tún fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ọwọ́ mi ti dé ìdí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kí Ọ̀gá tó wò mí.

"Ìyá Ramlah, gbogbo wọn lẹ kó jáde?"

"Gbogbo wọn. Bí mo sì ṣe bá wọn náà ni mo ṣe dá wọn padà."

"Ọláyanjú, ẹṣin yẹn ń kọ́? Ṣé oòrùn mọ ojú ni, tó fi jẹ ẹnì kan tó sì fo èkejì?"

Mo wo ẹṣin. Ojú ẹṣin funfun báláú. Mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sílẹ̀.

"Rọ́bà kì í rí bákan náà, ọ̀gá mi," ni Yọ̀mí tún wí. "Òmíràn máa ń tètè pọ́n, òmíràn á pẹ́. Kò fi dandan jẹ́ pé gbogbo wọn lá jọ pọ́n." Ó wo aago rẹ̀. "Ẹ má bínú, mọ́tò Ìbàdàn tó kẹ́yìn ni mò ń lé."

Ọ̀gá ti bá Àwáwù jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni mo dúró. Ọkùnrin náà ti ràn wá lọ́wọ́, ó ń bọ̀wọ̀ fúnni, ó ń pè mí ní ọ̀gá rẹ̀. Mo gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mo sì ní kó máa lọ. Mo tiẹ̀ tún júwe ọ̀nà àbùjá dé gáréèjì fún un.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì. Alhájì ní òun fẹ́ kí i, Ọ̀gá Fàòsíyà ní òun náà á kí i lẹ́yìn wọn. Àwọn méjèèjì lọ ṣe àlùwàlá. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ro bí n ó ṣe kọ ọ̀rọ̀ Àwáwù sílẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní le jù.

Alhájì tẹ́ ẹní ìrun sínú yàrá náà. Kó tó dúró lórí rẹ̀, ó lọ síbi pẹpẹ. Ó mú bèbí, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Ó mú ẹṣin, agbábọ́ọ̀lù, ọlọ́pàá, Ará Òṣùpá, ó yí gbogbo wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Mo rí i pé Ọ̀gá mi tẹjú mọ́ pẹpẹ náà. Ó kí ìrun rẹ̀ pé, kò yára, àmọ́ bó ṣe sálámà tán ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi yí wọn sí ògiri?"

"Ohun tó bá lójú, n kì í jẹ́ kó wò mí níbi tí mo bá ti ń kí ìrun, ọmọ mi. Àwọn àáfà wa ní mọ̀láíkà kì í wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀. N kò sì lè kó wọn dànù. Mo wá bá ara mi ṣàdéhùn pé ògiri ni wọ́n á máa wò. Àyàfi tí àlejò bá dé ni mo máa ń yí wọn síwájú."

"Ní oṣù mẹ́ta tí ẹ fi wà ní Ṣakí ń kọ́?"

"Ògiri náà ni wọ́n ń wò. Ta ló máa yí wọn?"

"Ìyá Ramlah!" ni Ọ̀gá pè. "Nígbà tí ẹ wọlé wá gbálẹ̀, báwo lẹ ṣe bá wọn?"

Ìyá Ramlah dáhùn láti ìdí odó: "Ìdí ni wọ́n kọ sí mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe!"

Ọ̀gá Fàòsíyà gba tọ́ọ̀ṣì, ó tàn án sí pẹpẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn nìkan là ń wò báyìí. Ẹ̀yìn aṣọ bèbí tó pupa fòò níwájú ti ṣá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ìdí ẹṣin ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì wá dé ẹ̀yìn Ará Òṣùpá. Funfun ni. Funfun nini bí òwú tí ẹnikẹ́ni kò tíì rẹ.

"Ọláyanjú, ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ yàrá yìí?"

"Láti fèrèsé, mà. Ẹ̀yìn wa níbí."

"Ẹni tó bá kọjú sí ògiri láti ọjọ́ yìí, tó kẹ̀yìn sí fèrèsé kí aṣọ tó bò ó, ibo ni oòrùn á ti jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀..." Ẹnu mi kò pa dé. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kó pọ́n! Èyí, ojú ló fi gba oòrùn!"

"Kì í ṣe Ará Òṣùpá Bàbá nìyí. Níbi tí èyí ti wá, ojú ni wọ́n kọ síta, bí ọjà tí wọ́n pàtẹ. Bàbá, ta ló kọ́kọ́ rí i láàárọ̀ yìí pé ó ti pọ́n?"

Alhájì rọra jókòó. "Yọ̀mí ni. Mo yí wọn síwájú fún un nínú òkùnkùn, ẹ sì mọ bí ojú mi ṣe rí. Oníbàárà kan ké sí mi láti ilé òfì, mo lọ dá a lóhùn. Kí n tó padà, igbe rẹ̀ ni mo gbọ́."

"Òun nìkan ló wà nínú yàrá?"

"Òun àti báàgì rẹ̀."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ni Ọ̀gá wí. "Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó sì tètè pariwo oòrùn kí ẹnikẹ́ni má bàa ronú olè. Ibo ni Yọ̀mí wà?"

Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì.

"Mo ní kó máa lọ, mà. Mo... mo júwe ọ̀nà àbùjá fún un."

Kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó fi aṣọ wé ayédèrú náà, ó sáré jáde, ó dá ọ̀kadà kan dúró, àwa méjèèjì sì gùn ún. Ọlọ́kadà náà sáré débi pé fìlà mi fò lọ lójú ọ̀nà, n kò sì bojú wẹ̀yìn.

Orí kó wa yọ. Mọ́tò Ìbàdàn ṣì wà ní gáréèjì, èrò kan ṣoṣo ló kù kó kún. Yọ̀mí wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Peter awakọ̀ ń pe èrò, bó ṣe rí wa ló fọwọ́ lérí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́pàá, ẹ má dá mọ́tò mi dúró lónìí!"

"A ò ní pẹ́," ni Ọ̀gá Fàòsíyà wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bùrọ̀dá Yọ̀mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kọ sínú ìwé. Ẹ bá mi gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà nígbà tí oòrùn fi jẹ ẹ́."

Ó gbé ayédèrú lé orí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Yọ̀mí gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìka méjì mú ọkùnrin kékeré náà bí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ iléèwé. Ó kọ ojú rẹ̀ sí oòrùn.

"Bó ṣe wà nìyí."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ojú ẹ̀ ló pọ́n, ojú ẹ̀ ló kọ sí fèrèsé. Bí mo ṣe ń bá a nígbà gbogbo nìyẹn."

"Nítorí pé Bàbá ti máa ń yí i sí yín kí ẹ tó wọlé. Yàrá ìrun ni yàrá yẹn. Láti ọjọ́ tí ó ti dé ibẹ̀, ògiri ni Ará Òṣùpá ń wò. Nínú oṣù mẹ́ta tí ẹ ní oòrùn fi jẹ ojú rẹ̀, kò rí fèrèsé sójú rí."

Ọwọ́ Yọ̀mí lọ síbi báàgì, ó dì í mú.

"Ẹ ò lè tú báàgì mi láìní ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́."

"Òótọ́ lẹ sọ. A ó jọ dúró níbí títí ìwé á fi dé. Mọ́tò náà á dúró pẹ̀lú wa."

Àwọn èrò inú mọ́tò ti ń gbọ́ ọ. Ìyá kan tó ń lọ rí ọmọ rẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé: "Bùrọ̀dá, ṣí báàgì jàre! Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, kí lò ń dì mú?" Gbogbo wọn gbè é. Peter náà gbè é, ohùn tirẹ̀ ló tiẹ̀ ga jù.

Ó ṣí i. Nínú báàgì, nínú ọ̀rá dúdú, nínú aṣọ rírọ̀, ni Ará Òṣùpá wà. Ojú rẹ̀ funfun báláú. Ọ̀gá yí i padà: ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí.

"Ìyà ń jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ wọn," ni Yọ̀mí wí, omi sì lé sójú rẹ̀. "Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀."

"Èyí tẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ń kọ́? Ta ló tọ́jú ẹ̀?"

Ó wo ayédèrú lórí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. "Ìwájú gíláàsì ìsọ̀ mi ni mo gbé e sí fún ọdún mẹ́fà. N kò tíì mọ̀ nígbà yẹn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò lè purọ́. Àmọ́ mo rántí ọmọ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àgọ́ wa, mo sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gá mi kò wò mí.

Nígbà tí a dé ilé, Alhájì gba Ará Òṣùpá, ó fi ìka pa á lẹ́yìn títí, ó ń pe orúkọ Mọ́nsúrù. A jẹ́ kó sunkún. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Àwáwù.

"Àwáwù, má bínú. Fúrídọ̀mù rẹ kò yẹ̀. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló wà."

Àwáwù kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá." Kò dìde. "Níwájú gbogbo ilé òfì lẹ ti pè mí ní abanǹkanjẹ́, Bàbá. Inú yàrá la wà yìí."

Ìyá Ramlah fọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé àgbàlagbà náà á jágbe mọ́ ọn. Ó wò ó pẹ̀lú ojú kan tó ní. Ó gbé Ará Òṣùpá kalẹ̀, ó bọ bàtà, ó sì jáde.

A tẹ̀ lé e dé ilé òfì. Ó dúró láàárín, ó ní kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Gbogbo òfì dákẹ́.

"Láàárọ̀ yìí, níbí yìí ni mo dúró sí tí mo sọ̀rọ̀ sí Àwáwù. Irọ́ ni mo pa. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi Kàdírì ni mo jẹ̀bi. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn bú u lẹ́yìn òní, èmi ló bú."

Àwáwù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìbòrí nu ojú. Ó gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú orí òkè, ó jókòó sídìí òfì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀.